Èló Ni Jálẹ̀ Rẹ̀? Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Kan ní Sekona

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ta kẹ̀kẹ́ rí nínú yín? Mi ò bèèrè pé ta ló ti gun kẹ̀kẹ́ rí o. Mo ní ta ló ti dúró ti kẹ̀kẹ́ àlòkù rí, tí ẹni tó fẹ́ rà á tẹ táyà rẹ̀ wò, tó gbójú sókè, tó sì ní, "Èló ni jálẹ̀ rẹ̀?" Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ rí, wàá mọ̀ pé ìbéèrè yẹn le ju ti ìdánwò lọ. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì mọ iye tó rà á láàárọ̀. Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tuntun ní ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ àlòkù ńkọ́? Ta ló mọ iye tó tọ́ sí i?

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2003. Sekona nílé wa, ní oríta tí ọ̀nà Ifẹ̀ ti já sí ọ̀nà tó ti Gbọ̀ngán lọ sí Òṣogbo. Bàbá àgbà mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Lára ohun tó fi sílẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Owó ilé-ìwé mi ò pé. Ẹbí pàdé, wọ́n ní ká ta kẹ̀kẹ́ náà, ká fi owó rẹ̀ kún owó ọmọ tó ń kàwé. Bàbá mi wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ ni kó o mọ iye tá a máa tà á."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìwé tí mo kà ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mo sì rí i pé kí n tó lè mọ iye kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, mo ní láti mọ ìtàn gbogbo owó tó ti kọjá lórí rẹ̀.

Bàbá mi fúnra wọn ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé ká ti ibi iye tí bàbá àgbà rà á bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò burú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe: iye tá a rà á rèé, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ kúrò torí pé ó ti gbó. Bàbá àgbà ò sì jẹ́ ká gbàgbé iye náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń nu kẹ̀kẹ́ wọn ni wọ́n máa ń sọ pé pọ́ùn mẹ́rìnlá àti ṣílè mẹ́wàá làwọn kà sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ta kòkó ọdún 1957 tán.

Ó wá ku ìṣirò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973, Nàìjíríà pa pọ́ùn tì, náírà wọlé. Pọ́ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Nípa bẹ́ẹ̀, owó kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà jẹ́ ₦29. Náírà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Ní 2003, owó yẹn ò ra búrẹ́dì kan tó dáa.

Àbúrò bàbá àgbà lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tún wá da ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Tiwọn ò sí nínú náírà, kò sí nínú pọ́ùn. Ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń kà. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000 ẹyọ, ló jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí owó òyìnbó wá gbòde, àwọn èèyàn wa fi ẹgbàá pe sísì, wọ́n sì fi ọ̀kẹ́ kan pe ṣílè márùn-ún. Ìyá Àgbà ò tíì gbé owó ẹyọ ra nǹkan rí láyé wọn, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ra kẹ̀kẹ́ yẹn." Mo lọ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé mi. Ó pé géérégé! Owó mẹ́ta lẹ́nu mẹ́ta, lórí kẹ̀kẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó fọ́ ìṣirò bàbá mi pátápátá ni ọdún 1986. Kí oṣù September ọdún náà tó parí, dọ́là kan ò tó náírà méjì. Ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀-ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP kalẹ̀, wọ́n ní kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́. Kíá, dọ́là kan ti kọjá náírà mẹ́rin. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí, àti kẹ̀kẹ́, àti táyà, àti súpókù. Láti ìgbà yẹn ni nǹkan àjèjì kan ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ tuntun kí SAP tó dé, tó gùn ún títí tó fi gbó, lè tà á ní owó tó ju èyí tó fi rà á lọ. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ ń dára sí i o. Náírà ló ń yọ́ bí òrí.

Nítorí náà, iye tá a ra nǹkan kì í ṣe iye rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni.

Mo wá rò ó pé, ṣé kò síbi tí wọ́n kọ iye tó tọ́ sí ni? Ṣé ìjọba ò lè bá wa dá a? Ìran bàbá àgbà mọ iye tí wọ́n ti òkè gé wá dáadáa. Láti 1907 ni rélùwéè ti dé Òṣogbo, Ẹdẹ ló sì gbà kọjá. Ọkọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Èkó náà ló ń kó ọjà òyìnbó bọ̀. Ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe Raleigh. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan ni àmì rẹ̀. Lára tiwa, bó o bá wo irin róbótó tí pẹ́dàlì fi ń fa ṣéènì, wàá rí ẹyẹ náà mẹ́ta nínú rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá wọ ilé ìtajà òyìnbó, ì báà jẹ́ ti U.A.C. tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ì báà jẹ́ ti John Holt, iye ti wà lára ọjà. Kò sí "ẹ bá mi dín in" níbẹ̀.

Kòkó tó fi rà á ńkọ́? Láti 1947 ni ìjọba ti dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀, tó ń sọ iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Ní 1954, bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀ Oòrùn gba iṣẹ́ náà. Owó tí kòkó ń pa lókè òkun sábà máa ń ju èyí tí wọ́n ń kà fún àgbẹ̀ lọ, ìyókù ń bẹ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Lára owó kòkó yẹn náà ni wọ́n ti rí èyí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, bàbá mi sì jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nígbà tí wọ́n ń gé owó kòkó bàbá àgbà, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń gé owó kẹ̀kẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Wọ́n tà ní iye tí wọ́n ní kí wọ́n tà, wọ́n rà ní iye tí wọ́n ní kí wọ́n rà.

Ìjọba tiẹ̀ ti gbìyànjú láti gé iye ọjà inú ọjà pàápàá. Ní Èkó, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe alákòóso iye gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Àwọn ìyá ọlọ́jà yarí, Alímọ́tù Pẹléwùrà ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní iye tó gé ò tó iye táwọn fi ra ọjà lóko àti owó ọkọ̀ táwọn fi gbé e wálé. Gàrí bá kúrò lójú ọjà, ó wọ kọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ níbẹ̀ a sanwó gọbọi. Nígbà tó di 1945, ìjọba jáwọ́.

Ẹ máa rò pé a ti kọ́gbọ́n. Ní 1977, ìjọba ológun tún ṣe òfin lórí iye ọjà. Òfin náà dárúkọ àwọn ohun tó kàn: ìyẹ̀fun, ìṣáná, mílíìkì, iyọ̀, ṣúgà, epo bẹntiróòlù àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́tò, alùpùpù, àti, ẹ fetí sílẹ̀ o, kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yà ara rẹ̀! Ìgbà tí mo rí i, mo rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà wà nínú òfin Nàìjíríà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti ìṣáná. Síbẹ̀, kò sí òfin tó lè sọ fún mi pé èló ni kí n tà á fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀la.

Ni mo bá yí i lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá oríta. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò mọ ìtàn, irin ló mọ̀. Ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fọwọ́ yí táyà, ó tẹ́tí sí i bíi dókítà. Ó ní, "Tuntun tó ti Ṣáínà wá, ₦8,000 ni wọ́n ń pè é l'Óṣogbo. Irin tèyí dáa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n táyà méjèèjì ti lọ, ṣéènì ti fẹ̀, súpókù mẹ́fà ti dá. Ẹni tó bá rà á máa ná nǹkan bíi ₦2,000 lé e kó tó gùn ún. Yọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, yọ ti ọjọ́ orí. ₦4,500 ló tọ́. Má gbà ju ₦4,000 lọ sílẹ̀."

Inú mi dùn. Ìṣirò ọlọ́gbọ́n rèé! Kò bèèrè iye tá a rà á rí. Iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lónìí ló fi bẹ̀rẹ̀, ó yọ iye tí àtúnṣe máa gbà, ó sì wo iye ọdún tó kù nínú irin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, ó máa wúlò fún yín.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ó fi sípánà kan fọ́ọ̀kì iwájú, ó tún kàn án, ó wá fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ti jó ibí yìí rí."

Mo rántí. Nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá àgbà já sínú gọ́tà lọ́nà oko, fọ́ọ̀kì sì ṣẹ́. Wẹ́dà jó o pọ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún, kò hàn mọ́.

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ máa gùn ún lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò séwu. Ẹni tó bá máa fi ru ẹrù, mi ò mọ̀ o. Fọ́ọ̀kì mìíràn, pẹ̀lú owó iṣẹ́, ₦1,200." Ó dá kẹ̀kẹ́ padà dúró. "Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ẹlẹ́mu kan wá láti abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé a fẹ́ ta kẹ̀kẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́rin ni wọ́n ń rù wá sí oríta lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ ò rí i pé mi ò nílò kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe fún mi.

Mo pè é ní ₦6,000. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ₦2,000. Mo ní Raleigh gidi ni, ẹ wo ẹyẹ ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ sin ẹyẹ, àwọn fẹ́ ru ẹmu. Mo sọ̀ ọ́ dé ₦5,000. Wọ́n gbé e dé ₦3,500. Wọ́n lọ, wọ́n padà. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, èló ni jálẹ̀ rẹ̀?" Mo ní ₦4,500. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ó gbà." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó nínú àpò.

Ohùn Ìyá Àgbà jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àjàní, ṣé o ti sọ ti ọrùn kẹ̀kẹ́ fún wọn?"

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń sọ ọ́ fún yín báyìí, ojú sì ń tì mí. Mo gbọ́ o. Mo ń wo owó.

Wọ́n bá dìde, wọ́n ti ara ògiri jáde wá. "Bàbá ẹlẹ́mu, wọ́n ti jó fọ́ọ̀kì yẹn rí o. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó o sí gọ́tà. Bẹ́ ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì lé e báyìí, tẹ́ ẹ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ lè fojú gbolẹ̀."

Owó padà sínú àpò. Ara mi gbóná. Owó ilé-ìwé mi ni mo rí tó ń wọ àpò yẹn padà. Bàbá ẹlẹ́mu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ibi tí wọ́n jó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí, wọ́n ní, "Èló ni fọ́ọ̀kì?" Mo sọ òótọ́, torí pé kò sí irọ́ tó kù lẹ́nu mi. ₦1,200. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ₦4,500, wọ́n ka ₦3,300 lé mi lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n mú fáńpù kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà jáde, wọ́n ní, "Ẹ̀ni rèé." Mi ò tiẹ̀ fẹ́ fi fáńpù yẹn ṣe ẹ̀ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ní, "Ìyá, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́." Wọn ò bínú. Wọ́n ní ṣé mo mọ bí ìyá àwọn ṣe ń tajà. Wọ́n ní àárọ̀ kùtù ni ìyá àwọn máa ń to ọsàn tàbí iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, iye òkúta ni iye owó, a sì gba oko lọ. Ẹni tó bá ń kọjá a mú ọjà, a fi owó síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ a padà wá kó owó. Kò sí ọlọ́jà, kò sí ìdúnàádúrà.

Mo ní, "Ta ló wá ń ṣọ́ ọ?"

Wọ́n ní, "Àwọn kan a máa fi ààlè sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ààlè nìkan ni? Ẹni tó ń kọjá yẹn náà ní ọjà tirẹ̀ tó tẹ́ sójú ọ̀nà ibòmíràn."

Ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ nípa ayé Yorùbá àtijọ́ ló mẹ́nu ba ọjà olókùúta yìí, kì í ṣe àlọ́. Mo ti ń rò ó láti ọdún yẹn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹni tó ta ò lè fi iṣu jíjẹrà sábẹ́ èyí tó dáa, kó tún retí pé kí ẹni tó rà fi owó tó pé sílẹ̀. Òkúta mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ohun tó wà nílẹ̀ yìí tó mẹ́wàá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí òkè rẹ̀. Ní agbègbè Ẹdẹ, níbi tí ìsìn Ìsìláàmù ti jinlẹ̀ láti ayé Tìmì Abíbù Lágùnjú ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Àlùfáà náà máa ń sọ ìtàn Ànábì tó tọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà, tó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, tó sì bá ẹni tó fi gbígbẹ bo tútù wí. Àwọn onígbàgbọ́ náà ní ti òṣùwọ̀n èké nínú ìwé Òwe. Ẹnu yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Wọ́n máa ń sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ní Sekona, òótọ́ ò kù tà. Iye rẹ̀ ló yàtọ̀. ₦1,200 ni òótọ́ náà jẹ́, mo sì fẹ́ kí bàbá ẹlẹ́mu san án láìmọ̀, bóyá kí wọ́n fi eyín san án.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ta kẹ̀kẹ́, tàbí kọ̀ǹpútà, tàbí alùpùpù àlòkù lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe ti ibi iye tẹ́ ẹ rà á bẹ̀rẹ̀, owó wa ò dúró sójú kan. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lónìí. Ẹ yọ iye tí ẹni tó máa rà á máa fi tún un ṣe. Ẹ bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ àléébù tó wà lára rẹ̀ kí owó tó kúrò lápò, torí pé iye tí ẹni méjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí, nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà, kì í ṣe iye. Gígé ni. Kò yàtọ̀ sí iye tí wọ́n gé fún bàbá àgbà ní ilé ìtajà àti ní bọ́ọ̀dù. Ọjà kẹ̀kẹ́ àlòkù ni ibi tí tálákà méjì ti lè jókòó dá iye fúnra wọn. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń dá.

Mo yá ₦1,200 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan nínú ọgbà, oṣù mẹ́ta ni mo fi san án. Bàbá ẹlẹ́mu pààrọ̀ fọ́ọ̀kì. Fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, kí ọ̀kadà tó gba gbogbo oríta wa pátápátá, tí mo bá ti Ifẹ̀ wálé, mo máa ń rí wọn lórí Raleigh bàbá àgbà, kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Wọ́n á tẹ aago gbángbán, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀!"

Èmi náà á dáhùn, ojú mi ò sì ní sá.